Bẹ́ẹ̀dì Méjì Tó Kù nínú Ọkọ̀ Vienna

Elitsa ọmọ mi, dókítà ní kí n má retí pé èso ṣẹ́rì ọdún yìí yóò pọ́n kí n tó kú. Nítorí náà, ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ jáde. Ìyá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lánàá. Mo fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ ọ láti ọwọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi dín in kù.

Fèrèsé kẹrin ní ibùdókọ̀ ojúirin Ruse ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ òkèèrè. Ìgbà òtútù mẹ́rin ni mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kí n tó gbọ́ èdè Jámánì tó èyí tí wọ́n fi lè gbé mi jókòó síbẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ni mo ní, páálí ni mo tẹ́ sínú rẹ̀. Èmi náà ni mo kọ́ Rumyana, ìyá rẹ, àbúrò mi kan ṣoṣo, ní èdè yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1993, ilé ìwòsàn kan ní Vienna gbà á pé kó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí kò bá débẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Màmá wa ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nígbà náà. Bí Rumyana bá lọ, èmi nìkan ni n óò máa gbé e dìde, tí n óò máa gbé e jókòó.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ó tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn láti ra àyè nínú ọkọ̀ ojúirin alẹ́ tó ń lọ sí Vienna, èyí tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì lé ara wọn sínú rẹ̀. Ó fẹnu sún mọ́ ihò fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá oní-tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní bẹ́ẹ̀dì òkè o. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń jábọ́."

Láìní bẹ́ẹ̀dì, èèyàn ò lè wọ ọkọ̀ yẹn, òun nìkan ló sì lè gbé e débẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó kọjá. Méjì ló kù nínú ìwé mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi wà lórí wọn. Mo ní, "Ó ti tán." Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tì mí.

"Ó tán kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un wò."

Mo ń fi ìka tọ ìlà ìwé bí ẹni tó ń wá nǹkan. "Ó tán, Rumyana."

"Níbo ni mo tún ti lè rí i rà?"

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Gbogbo ará Ruse gbà pé fèrèsé mi nìkan ni bẹ́ẹ̀dì ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì ìrìn-àjò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìpín tirẹ̀, wọn kì í sì í tà á tán. Mo mọ̀. Mo wojú àbúrò mi, mo ní, "Kò sí ibòmíràn. Ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá."

Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ń kùn: "Ọmọ yìí, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni?" Rumyana tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó tó lọ, ó ní kí n má jẹ́ kó dùn mí. Èmi ni ó ń tù nínú.

N kò ta bẹ́ẹ̀dì méjèèjì fún ẹnikẹ́ni. Òfìfo ni wọ́n bá ọkọ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Rumyana fi ran aṣọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn èbúté. Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá fún mi. Á ní, "Ọlọ́run ló mọ ìdí tí bẹ́ẹ̀dì fi tán lọ́jọ́ yẹn. Ta ni ì bá máa tọ́jú yín?" Mo ń gbé ọbẹ̀ náà mì.

Lánàá, n kò lè gbé e mì mọ́. Mo sọ ọ́ tán. Ó bi mí pé, "Mélòó ló kù?" Mo ní méjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni, ǹ bá dúró." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀yin ọmọdé ilé wa, bí ẹ bá fẹ́ dá ẹni tí ẹ fẹ́ràn dúró, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún un. Elitsa, bá mi bẹ ìyá rẹ. Kó má gbé oúnjẹ kankan wá. Kó wá bínú sí mi. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó bínú.