Àmì Orí Pátákó Ibi Ìgbọ́kọ̀sí, Èmi Ni Mo Pa Á Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà òjò èṣí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sì sọ ọ́ fún àbúrò mi obìnrin tí a jọ máa ń sọ gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sán àná ni mi ò ti lè jókòó sójú kan, àfi kí n sọ ọ́ jáde. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń sáré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáré, bí mo bá dúró n kò ní lè parí rẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Ìlá-Ọ̀ràngún níbí. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. "Àǹtí Yorùbá" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Ohun tí wọ́n sì mọ̀ mọ́ mi jù ni àmì ohùn. Ọmọ tó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí kò fi àmì sí i lórí, òun àti èmi la jọ wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti lé ọmọ jáde ní kíláàsì rí nítorí àmì kan ṣoṣo. Ẹ rántí pé irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí máa ṣòro láti gbà gbọ́.

Alhájì kan wá kọ́ ilé ìtajà alájà kan sí ìgboro wa. Ilé ìtajà náà rẹwà, mi ò ní í purọ́. Ó da ọ̀dà sí iwájú rẹ̀, ó fa ìlà funfun síbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè gbé ọkọ̀ wọn sí ààyè tó yẹ, ó sì fi Bàbá Rájí ṣọ́ ẹnu géètì. Àwa tí a ti ń gbé ọkọ̀ sí ibi tó bá wù wá láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, a wá di ẹni tó ń to ọkọ̀ lẹ́sẹẹsẹ! Inú wa dùn, a ń yangàn. Ibì kan ṣoṣo ni Alhájì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ọjà. Ó ri pátákó kékeré kan mọ́lẹ̀ síbẹ̀, pátákó náà kò ga ju àyà mi lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: Ẹ MÁ GBÉ ỌKỌ̀ SÍBÍ.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo ààyè ti kún, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló ṣófo. Mo rí pátákó náà o! Mo kà á. Kódà mo wo orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé kò sí èyí tí àmì rẹ̀ kò pé, mo ní ẹni tó kọ èyí káre. Mo sì gbé ọkọ̀ mi síbẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn télọ̀. "Àǹtí, ẹ jókòó, bọ́tìnnì ló kù." Ẹ gbọ́ o, bọ́tìnnì kọ́ ló kù, apá aṣọ gan-an ni kò tíì so mọ́ ara rẹ̀! Nígbà tí mo máa fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti fi irin ńlá kan de táyà iwájú ọkọ̀ mi, wọ́n sì ti fi àgádágodo tì í.

Ara mi gbóná. Mo pariwo pe Bàbá Rájí.

"Àǹtí, mo ké sí yín, mo ní ẹ mọ́ gbé e síbẹ̀. Ẹ ti sáré gòkè."

"Nínú òjò yìí, Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́?"

"Ẹ mọ́ bínú. Alhájì ló ní n mọ́ ṣí i fún ẹni tí kò bá san ìtanràn. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀la ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́, bí wọ́n bá ti kí ìrun Àílà tán."

Bàbá náà kò rí mi fín o, ó ń bẹ̀ mí ni. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti pe ìrun Àsárì. Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ó ku èmi, òjò, àti pátákó.

Mo tẹjú mọ́ pátákó yẹn pẹ̀lú ìbínú. Bí mo ṣe ń wò ó ni nǹkan kan tan yàà nínú orí mi. MÁ. Bí àmì orí rẹ̀ bá kúrò, kí ni yóò kù? MA. Ẹ ma gbé ọkọ̀ síbí! Bí gbogbo wa ṣe ń sọ "ẹ máa" lẹ́nu nìyẹn tí a bá ń kánjú: ẹ ma bọ̀, ẹ ma jẹun, ẹ ma gbé ọkọ̀ síbí. Pátákó tó ń lé mi yóò di èyí tó ń pè mí wọlé!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo jókòó gbèrò rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣíwájú mi. Omi tí mo fi ń nu ọ̀dà èékánná wà nínú báàgì mi. Mo rọ ọ́ sí etí áńkáṣíìfù, mo fi nu orí A náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún nù ún. Ọ̀dà pátákó náà kò tíì gbó, kíá ni àmì náà ṣí. Mo fi omi òjò ṣan ojú ibẹ̀ títí tó fi mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sílé, mò ń dá nìkan rẹ́rìn-ín lábẹ́ òjò.

Ní ọjọ́ kejì, èrò pé. Alhájì jókòó, àgbà méjì jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì dìde. Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn!

Mo ní kí wọ́n fa pátákó náà tu, kí wọ́n gbé e wá. Mo ní, "Alhájì, bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fi àmì kankan sí i, ǹ bá ní kò burú, ojú inú la máa fi kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó! Ó fi àmì sórí GBÉ. Ó fi sórí ỌKỌ̀. SÍBÍ, ó fi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ àmì. Nígbà tó dé orí MA, kí ló dé tí kò fi sí i? Ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn! Ẹ̀yin lẹ ní kí n ma gbé e síbí, mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, ẹ wá de ọkọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Tèmi tiẹ̀ tún ni pé, ní Ìlá níbí, bí a bá fẹ́ kọ̀ nǹkan fún èèyàn, 'mọ́' la ń wí. Bàbá Rájí fúnra wọn, 'mọ́' ni wọ́n bá mi wí lánàá!"

Ariwo sọ. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Alhájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ré lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní, "Tíṣà yìí ti jàre." Wọ́n ṣí irin náà lójú gbogbo ayé, n kò san kọ́bọ̀. Mo máa sọ òtítọ́ fún yín: inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù nípa ara mi.

Inú èrò yẹn náà ni Múrí wà. Múrí ló kọ pátákó náà. Ọmọ kíláàsì mi ni tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ àmì ohùn. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́, ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà, ó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ̀wé sára ọkọ̀ akérò. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi àmì sí nǹkan, òun máa ń fi sí i. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé Àǹtí òun kò gbọdọ̀ kọjá kó rí ọ̀rọ̀ tí kò lámì lọ́wọ́ òun.

Alhájì pè é síwájú. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Alhájì, mo fi sí i, mo mọ̀ pé mo fi sí i." Ó wo pátákó. Ó wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo wo ojú rẹ̀ padà, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ó bá fọwọ́ pa orí A náà, ó ní, "Àbí mo gbàgbé ni?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Alhájì gba gbogbo pátákó yòókù tó yẹ kó kọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé iṣẹ́ náà fún ará Òṣogbo kan. Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa, a kì í jẹ́ kí nǹkan tó dùn mọ́ wa lẹ́nu lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n sọ Múrí ní "Ẹ-Ma-Gbé". Ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá aláta ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkè-Ìlá tó fẹ́ kọ ẹsẹ Bíbélì sára ògiri pè é, nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnì kan sọ "má jalè" di "máa jalè" fún àwọn. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Múrí kò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ láti ìgbà náà. Géètì àti ojú fèrèsé ló ń kùn. Mo pàdé rẹ̀ rí nílùú Ọ̀rà, ó ń kun géètì ilé kan, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi pẹ̀lú búrọ́ṣì lọ́wọ́.

Mo wí fún ara mi pé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wí fún ara mi pé yẹ̀yẹ́ á rọlẹ̀. Mo wí fún ara mi pé bí mo bá jẹ́wọ́, ojú wo ni n ó fi wo àwọn ọmọ kíláàsì mi? Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyìn yẹn ni n kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wàyí o, lánàá. Múrí sáré wọ àgbàlá mi, ó ń mí hẹlẹ, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. "Àǹtí! Ìyàwó mi ti bí lóru o! Obìnrin ni! Wẹ́rẹ́ báyìí!" Mo fò mọ́ ọn, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń jó nínú àgbàlá. Inú mi dùn dénú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìyẹn gbọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé nǹkan kan ní ẹnu ọ̀nà wá.

Pátákó ni. Ó fẹ́ gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ya òdòdó yí i ká, ó rẹwà púpọ̀. Ó kọ orúkọ ọmọ sí àárín rẹ̀ gàdàgbà: ADUKẸ. Kò sí àmì kan lórí rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí n fi ọ̀dà tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣe lọ́jọ́sí. Mi ò fẹ́ ṣi ti ọmọ mi kọ."

Àdùkẹ́! Orúkọ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ àmì rẹ̀! Múrí, tó máa ń fi àmì sí orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ fún ìsọmọlórúkọ tẹ́lẹ̀!

Mo gba ṣọ́ọ̀kì náà. Mi ò lè fi kan pátákó. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó padà wá ní ọ̀túnla. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ gan-an, ó tún ní èmi lòun fẹ́ kó kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ náà lẹ́yìn Lèmọ́mù.

Ọ̀la ló ń bọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ìsọmọlórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un lọ́la ní kọ̀rọ̀, kí n bẹ̀ ẹ́, kó sì tán sáàárín èmi àti ẹ̀? Àbí kí n dúró di ọjọ́ Àìkú, kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo àwọn tó ń pè é ní Ẹ-Ma-Gbé, kí wọ́n rí orúkọ tuntun pè, kó sì jẹ́ tèmi? Mo mọ èyí tí mo fẹ́, ti kọ̀rọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣe é.