Kò Mọ̀ Ju Ohun Tí Mo Kọ́ Ọ Lọ

Mo ń dúró de fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù atúnfóònùṣe kan ní Òkìtìpupa nígbà tí ìyá aláṣọ funfun kan láti Igbodigo wọlé, ó gbé MP3 rẹ̀ tó ti kú síwájú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi jí i."

"Màmá, ta ló tún ń lo èyí? Gbogbo orin ayé ló wà lórí fóònù yín. Ẹ ṣáà ra dátà."

"Ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Èmi ni mo máa ń tan orin fún ìjọ wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo fi fóònù tan orin àdúrà. A wà lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo wa dijú. Àfi bí orin ṣe dákẹ́, tí ọkùnrin kan pariwo látinú ẹ̀ pé, 'Ẹ bu ú mu, kí ọkàn yín balẹ̀!' Ni gbogbo ìjọ bá dáhùn, 'Àmín!'"

"Kí ni wọ́n ń polówó?"

"Bíà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dorí kodò sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà fọwọ́ pa MP3 rẹ̀ lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Èyí ò lè dójú tì mí láé. Kò mọ̀ ju ohun tí mo kọ́ ọ lọ."

Èmi tí mo bímọ, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìkankan nínú wọn.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ìpolówó ni."

"Ta ni kó sọ ọ́? Wòlíì wa ti ní láti ọ̀run ni ohùn yẹn ti wá. Bí o ṣe ń wò mí yìí, inú ààwẹ̀ ni gbogbo wa wà, kó lè tún fọhùn."