Àáró Lazarus

Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí Àdúràọlá sì jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀. Àìsàn yìí kò ní í jẹ́ kí n dìde mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Àná, lórí ibùsùn yìí, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Moyọ̀sọ́rẹ ní ọmọ olè. Ẹ̀jẹ̀ Lazarus, bàbá ọmọ náà, ọkọ Àdúràọlá, tí gbogbo abà yìí kà sí Gàfárù lọ́rùn, ọrùn èmi Fádèyí ló wà.

Ẹ rántí bí a ṣe ń fi Lazarus ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ oko mọ́, ìjọba wá ń fún un ní ìrẹsì àti owó táṣẹ́rẹ́ ní Akanran. Kò ní egbò, kò tiro, ara rẹ̀ ń dán. Ni a bá ní ọ̀lẹ ni. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ ní Àkọ́bí Ìjọba. Bó bá ń kọjá, a ó ní, "Àkọ́bí, bàbá rẹ ńkọ́?" Yóò kàn rẹ́rìn-ín. Ìlara ló ń jẹ mí, nítorí wọ́n ti lé mi padà nídìí ìrẹsì náà.

Kí àìsàn rẹ̀ tó dé, mo ti ṣe àáró lóko rẹ̀, ó ku kí òun náà wá ṣe tèmi. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ gún un lójúde ṣọ́ọ̀ṣì: "Àkọ́bí, ṣé ìjọba ni yóò wá bá ọ san àáró mi ni?" Ọjọ́ kejì ó gbé ọkọ́ dé oko mi. Ó ní, "Fádèyí, jẹ́ n san án. N kò fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi." Ó ń mí gúlegúle, n kò ní kó sinmi. Èmi ọ̀dájú!

Ibẹ̀ ni Gàfárù àti àwọn ọ̀dọ́ bá a, tí wọ́n ń ti Akanran bọ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n ti lé àwọn náà nídìí ìrẹsì. Gàfárù pariwo: "Ẹ wá wo aláìsàn ìjọba tó ń kọ ebè!" Ó kọjú sí mi: "Bàbá Sanmí, ṣé ẹ gbà á lágbàṣe ni?"

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí mo bá ti sọ pé àáró lásán ni, wọn ì bá ti kọjá lọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti gbowó lọ́wọ́ mi."

Lazarus yíjú sí mi. "Fádèyí! Sọ fún wọn pé àáró ni. Ìwọ lo ní kí n…" Mo fi ẹ̀rú ọkọ́ gbá a lẹ́nu. Ẹnu yẹn ni mo fẹ́ pa dé. Eyín rẹ̀ já sórí ebè. Bí wọ́n ṣe rí i pé àgbà ti nà án, wọ́n bò ó: igi, òkúta, ẹsẹ̀. "Olè! Òpùrọ́!" Mo gbọ́ tí egungun rẹ̀ ń fọ́. Orúkọ mi ló ń pè títí ohùn rẹ̀ fi pin.

Nígbà tí ẹ sáré dé, mo ti wà láàárín wọn, mò ń kígbe pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Gàfárù sá lọ, kò sì padà. Àdúràọlá, o kúnlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ, o ní, "Bàbá Sanmí, ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú." Mo gba ọpẹ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má wo awọ ara ẹni kí ẹ fi mọ ohun tó ń ṣe é nínú. Àdúràọlá, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí mo bá kú, ẹ má tíì gbẹ́ ilẹ̀ mi. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí oko Lazarus tó ti di igbó, ẹ kọ ebè ibẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ọkọ́ mi ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ yọ ẹ̀rú yẹn kúrò, ẹ fi òmíràn sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé iṣẹ́ kí ni, ẹ sọ fún un pé àáró ni.