Òfin Dídùn tí Àlàájà Wúlèmótù Kò Kà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fún wa ní làákàyè. Ẹ̀yin ará mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìròyìn tí o kò bá tíì wádìí, má fi jà, ìbáà jẹ́ ìwọ ló gbè. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Àlàájà Wúlèmótù, kánsẹ́lọ̀ wa, obìnrin bí ọkùnrin! Nígbà tí alága káńsù ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí yídì, níbi tá a ti ń kírun ọdún láti ayé àwọn baba wa, gbogbo wa pariwo. Àlàájà kò pariwo. Fóònù ló gbé, ó ń bá ẹ̀rọ onílàákàyè, AI yẹn, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ìjọba ìbílẹ̀. Èyí tí kò bá yé e, á tún bi í.

Ẹ̀rọ fún un ní òfin méjì. Èkínní ní káńsù gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ará àdúgbò kó tó yí ìlò ilẹ̀ wọn padà. Èkejì ní káńsù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ ìjọsìn láéláé. Háà! Èyí dùn ju oyin lọ. Díẹ̀ ló kù kí Àlàájà jó.

Ṣùgbọ́n ilé kéwú ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ṣé ẹ rántí bí áfáà ṣe máa ń bi wá tá a bá mú hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, wá? "Lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ? Òun náà ńkọ́, lẹ́nu ta?" Àlàájà bá lọ ṣí ìwé òfin gan-an. Ó rí èkínní. Ó wá èkejì títí, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló hun ún fúnra rẹ̀!

Àwọn èèyàn rẹ̀ ní, "Àlàájà, ẹ ka èkejì bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé káńsù! Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Èkínní nìkan ò lágbára tó. Bí yídì bá lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣé orí irọ́ la ó wá máa forí kanlẹ̀ sí?"

Lọ́jọ́ ìpàdé káńsù, ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n òfin kan ṣoṣo yẹn ló kà. Alága rẹ́rìn-ín. "Àlàájà, a gbọ́ pé ẹ̀rọ ló ń kọ́ yín. Akọ̀wé, ẹ gbé ìwé òfin wá!" Akọ̀wé wò ó, ó tún un wò. Bí Àlàájà ṣe kà á gẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní èkejì ló kà ńkọ́?

Wọ́n bá pe àdúgbò jọ. Ṣé ẹ ò wá ni? Mùsùlùmí wá, Kìrìsìtẹ́nì wá, ohùn wa ṣọ̀kan, alága sì ní kí yídì wà bó ṣe wà. Nísinsìnyí, alága kì í fọwọ́ sí nǹkan kan láìbéèrè pé, "Kí ni Àlàájà rí nínú ìwé?" Ọmọ ilé kéwú wa ni o! Orí mi wú.

Ọlọ́hun, tọ́ wa sọ́nà. Èyí tá a bá fẹ́ fi irọ́ gbà, má fún wa. Èyí tá a fi òtítọ́ gbà, jẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Àmín.