Iná Ọkọ̀ Tó Ń Kú, Tí Wọ́n Ní Ìyá Mi Ló Ń Pa Á

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín, ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́ níwájú yẹn. Alàgbà Dáníẹ́lì ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n má jẹ́ ẹ̀rí yìí. N ó jẹ́ ẹ. Gbangba ni wọ́n ti dójú ti ìyá mi, gbangba náà ni n ó ti sọ ọ́.

Ẹ mọ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù mi. Nígbà tí mo rà á, iwájú ìjọ yìí ni mo gbé e wá fún ìdúpẹ́. Alàgbà gba òòlù, wọ́n kan àgbélébùú igi mọ́ pákó ìdí ọkọ̀, bí a ti máa ń ṣe fún gbogbo ọkọ̀ tuntun. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Kò pẹ́ tí fíúsì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Fíúsì ni wáyà tín-ín-rín inú gíláàsì tí iná ọkọ̀ ń gbà kọjá. Tó bá ti jó, iná iwájú á kú, ti ẹ̀yìn á kú. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Ní ìdájí ọjọ́ kan lẹ́bàá Oko Ọba, iná kú mọ́ mi lójú, díẹ̀ ló kù kí n wọ àárín màlúù. Mẹkáníìkì kan ní Ìkẹjà fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dípò fíúsì, ó ní, "Èyí ò ní í jó láé." Òótọ́ ni, bébà ò jó. Wáyà ló jó. Èéfín bo èmi àti ìyá mi, a bẹ́ sílẹ̀. Mẹkáníìkì náà tún wáyà iwájú ṣe, ó dá fíúsì padà, fíúsì tún ń jó.

Ìyá mi ń ṣòwò obì. Lọ́jọ́ tí mo bá kó apẹ̀rẹ̀ obì wọn lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè ní Agége, wọ́n á jókòó tì mí. Ọjọ́ náà gan-an ni fíúsì máa ń jó. Bí mo bá já wọn sílẹ̀ tí mo ń padà bọ̀, tuntun tí mo fi sí i kì í jó. Èmi òmùgọ̀, mo fi ẹnu ara mi sọ èyí fún Alàgbà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó wọ ọkọ̀, iná kú. Ó sọ̀ kalẹ̀, iná ò kú mọ́. Kí lo tún ń bèèrè? Jẹ́ kí ìyá rẹ kúrò nílé rẹ."

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì, títí Alàgbà fi ní kí wọ́n jáde níṣojú gbogbo yín. Èmi náà, ọmọ tí wọ́n pọ̀n dàgbà, mo gbé àpótí wọn síta. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Àkànní, bó bá jẹ́ èmi ni, kí Ọlọ́run mú mi." Wọ́n lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Ọjọ́ kẹta, mo ru obì ẹlòmíì, èmi nìkan nínú ọkọ̀. Fíúsì jó. Mo sáré wá bá Alàgbà. Wọ́n ní ìyá mi ń rán an láti Abúlé Ẹ̀gbá. Inú bí mi.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Làmídì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní Agége. Mùsùlùmí ni, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Mo ròyìn ìyá mi fún un. Ó ní, "Ẹ fi ìyá sílẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n. Tó bá ń jó, kí lẹ máa ń rù?"

Mo ní obì.

"Tí kì í jó ńkọ́?"

Mo ní òfìfo ni. Ó ní, "Apẹ̀rẹ̀ obì wúwo ju ìyá lọ."

Ó di àpò yanrìn kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi fíúsì sí i, ó tanná. Ó jó lójú mi. A sọ yanrìn kalẹ̀, a fi òmíràn sí i, kò jó. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ wáyà lọ títí dé ìdí. Ó pè mí, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìṣó àgbélébùú yẹn ti gba inú pákó kọjá, ó gún wáyà iná ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ pákó wálẹ̀, ẹnu ìṣó á kan irin, fíúsì á jó. Ó fa ìṣó yọ, ó wé wáyà, a tún di yanrìn ru ọkọ̀. Iná ò kú. Títí dòní kò kú mọ́. Ògo ni fún Ọlọ́run, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Mo gbé ìṣó náà wá fún Alàgbà. Wọ́n ní, "Ṣé àgbélébùú lo wá fẹ̀sùn kàn?" Rárá o, bàbá. Àgbélébùú ò mú òòlù. Ẹ̀yin lẹ mú un.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi nínú eruku. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mo ní kí a máa lọ sílé. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ ló kọ́kọ́ lé mi, kó tó kan ilé rẹ. Ọjọ́ tí ẹni tó lé mi bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí wọlé, n ó tẹ̀ lé ọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé wọ́n wà láàyè tí mo fi mọ òtítọ́, nítorí ẹlòmíì ti sin ìyá rẹ̀ tán kó tó mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Làmídì. Ìwọ tí wàhálà bá ń bá fínra, má bọ́hùn, Olúwa tó yọ mí á yọ ìwọ náà. Gbàdúrà, kí o sì wá ìdí ọ̀ràn kí o tó na ìka sí ènìyàn.

Ìyá mi wà níta báyìí, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fi ọkọ̀ yẹn gbé wọn wá. Alàgbà, ẹnu ọ̀nà ò jìnnà.