Àáró Tí Mo San

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi. Nígbà tí adájọ́ kà á jáde, mi ò sunkún. Omi mímu ni mo ń wá.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí èmi, Múfú àti Alábí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àáró ní Òpómẹ́ta. A ó ro oko Múfú lónìí, ti Alábí lọ́la, tèmi lọ́túnla. Olóko ló máa ń kọ́kọ́ fi ọkọ́ balẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ṣe àáró fún mi rí tí mi ò san án, mo sì ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ kan tí ebi ń pa wá, Múfú ya àgbàdo nínú oko olóko, a sun ún jẹ. Ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá rẹ́rìn-ín. Láti orí àgbàdo, ó di ewúrẹ́.

Nígbà tó yá, Múfú ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àáró. Kálukú á mú ilé kan tó mọ̀ wá, ká lọ jalè níbẹ̀.”

Òun mú ilé ìyàwó bàbá rẹ̀ wá. Alábí mú ilé ọ̀gá rẹ̀ wá. Mo bá wọn lọ sí méjèèjì.

“Ó kàn ọ́,” Alábí wí.

“Mi ò mọ ilé kankan.”

“A lọ tiwa tán, o wá fẹ́ sá? Ṣé ọ̀lẹ ni ọ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn dùn mí ju kí wọ́n pè mí lólè lọ. Mo dárúkọ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà. Bàbá ni mo ń pè é. Ó ní alùpùpù, kì í sì í sí nílé lọ́sàn-án.

Ibà ti dá a dúró sílé lọ́jọ́ tí a lọ. A já ilẹ̀kùn, a bá a lórí ẹní.

“Ìwọ nìyẹn, ọmọ mi? Ṣé alùpùpù lo fẹ́ yá? Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì.”

Lẹ́yìn náà ló rí irin tí a fi já ilẹ̀kùn.

Múfú na irin náà sí mi. “Ó ti mọ̀ wá. Olóko ló ń kọ́kọ́ fi ọkọ́ balẹ̀.”

Mo gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lù ú, ó sì kú.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọlọ́pàá ti mú wa. Ìyá mi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni.” Mo bi í bóyá wọ́n ti kórè àgbàdo. Mi ò mọ ohun tó mú mi bi í bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ò purọ́ fún mi rí, wọn ò sì rẹ́ mi jẹ. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn: a ń ṣòótọ́ síra wa, a sì ń ja àwọn èèyàn wa lólè. Bí wọ́n bá ní ó kàn yín, ẹ ní ẹ ò lọ. Wọn á pè yín ní ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ọ̀lẹ, kí ẹ máa lọ sílé.