Wàláì Tí Àlájì Lámídì Fi Ta Bẹ́líìtì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó wọn ohun gbogbo kó tó dá a, tí ojú wa ò fi tóbi ju orí wa lọ. Ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa, tó ṣòwò tí kò rẹ́nikẹ́ni jẹ. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi lẹ́yìn aṣọ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí tẹ́ ẹ dúró lẹ́bàá gọ́tà, ẹ sún mọ́bí, wáàsí kì í jẹni. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ò gùn: má fi orúkọ Ọlọ́run ta ohun tó o mọ̀ pé irọ́ ni.

Kí n tó gun orí àga yìí, ẹnì kan fà mí láṣọ sẹ́yìn. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ sùúrù lónìí. Ìtàn bẹ́líìtì yẹn, ẹ fi sílẹ̀, ó máa bí àwọn ẹni ńlá nínú." Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò ó láti ibẹ̀ dé orí àga. Mo máa sọ ọ́! Ẹni tínú bá máa bí, kó jókòó bínú, àga pọ̀ nílẹ̀.

Ìlú kan wà lọ́nà Òkè-Ògùn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fáwọn obìnrin nínú mọ́sálásí wọn, àmọ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ ò ní ohun téèyàn lè dì mú. Obìnrin kan yọ̀ ṣubú níbẹ̀, itan rẹ̀ dá. Látìgbà náà, ìta làwọn ìyá ti ń kírun àṣámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀, òjò ń pa wọ́n. Ṣé ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ fáànù gbọ́ ohun tí mo wí? Mo ní òjò ń pa wọ́n!

Súbérù káfíńtà ni wọ́n gbé iṣẹ́ òpó tí wọn á máa dì mú lára àtẹ̀gùn náà fún. Ẹ̀rọ ló fi ń yí igi. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí: igi á wà láàárín irin méjì, ẹ́ńjìnnì iná á máa yí i bírí bírí, onítọ̀hún á fi irin ìgbẹ́gi tì í títí tí igi á fi rí róbótó bí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́líìtì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ, ó yí kẹ̀kẹ́ irin kékeré tó wà lára àwọn méjèèjì po. Súbérù lọ bá àwọn ìyá níta, níbi tí wọ́n ti ń gbọn omi kúrò lára ẹní. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ààwẹ̀ tó ń bọ̀ ò ní bá yín níta. Mo ṣèlérí." Àdúà tí wọ́n rọ̀ lé e lórí lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Iṣẹ́ ń lọ, ààwẹ̀ ń sún mọ́lé, ni bẹ́líìtì bá já, gbàù!

Ó mú èyí tó já, ó di ṣọ́ọ̀bù Àlájì Lámídì. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ má wojú ara yín. Àlájì yìí ló ń ta bẹ́líìtì ẹ̀rọ jù nílùú náà, òun náà sì ni alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí.

"Àlájì, nọ́ńbà tó wà lára eléyìí ni mo fẹ́ o. Tó bá gùn jù, á máa yọ̀. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, á rì sínú kẹ̀kẹ́ tó ń yí i, kò ní lè di ẹ̀rọ mú."

Àlájì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Ó jáde pẹ̀lú bẹ́líìtì dúdú kan, nọ́ńbà funfun gbàgàdà lórí rẹ̀. "Òun gan-an nìyí. Wàláì!"

Kí ló ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn? Ó fi pẹtiróòlù nu nọ́ńbà tó wà lára bẹ́líìtì, ó mú ọ̀dà funfun, ó kọ èyí tí Súbérù ń wá síbẹ̀. Nọ́ńbà yòówù kó o bèèrè, Àlájì á ní i! Àsítàgàfúrúláì.

Súbérù gbé e sórí ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì rì. Igi á yí, á dúró, á tún ta gìrì. Irin há sí i lára, òpó là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé òmíràn sí i, ìyẹn náà là. Nígbà tó fi máa tú bẹ́líìtì sílẹ̀, ó ti gbóná, ọ̀dà funfun sì yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó padà lọ bá Àlájì.

"Àlájì, bẹ́líìtì yìí kọ́."

"Ṣé o ṣe bísímílà kó o tó gbé e sí i?"

"Mo ṣe é, sà."

"Ìmáànì rẹ ló kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Máa mánéèjì ẹ̀. Ìn ṣáà Áláù, ara ẹ̀ á mọlé."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ̀ ń sọ ọ́? Télọ̀ tí kò tíì gé aṣọ, ìn ṣáà Áláù. Kọ́lékọ́lé tó jí nínú sìmẹ́ńtì, ìn ṣáà Áláù. Ọ̀rọ̀ mímọ́ lẹ fi ń bo àṣìírí! Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ẹ̀rọ kì í ṣe mùmíní, kì í ṣe kèfèrí. Bẹ́líìtì tó bá a mu ló mọ̀.

Súbérù ní, "Àwọn òpó tó là ńkọ́, sà?"

"Po èérún pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, fi dí i. Kun fáníìṣì sí i. Ta ló máa rí i?"

"Àwọn ìyá wa máa fara tì í, Àlájì. Mi ò ṣe."

"O ò ṣe kẹ̀? A ó gbé iṣẹ́ fẹ́lòmíì nìyẹn o."

"Ẹ gbé e. Òpó tó là ò ní tọwọ́ tèmi jáde."

Ẹ̀rù ba Súbérù, mi ò ní purọ́ fún yín. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ, ìlérí tó ṣe fáwọn ìyá sì ń jó o lára. Àmọ́ àwọn ìyá gbọ́. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe òpó Súbérù, àwọn á dúró sínú òjò, ni iṣẹ́ bá dúró sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́!

Ìyá Ẹ́sítà ló kù nílùú tó ń ta bẹ́líìtì, ti ẹ̀rọ ata. Onígbàgbọ́ paraku ni. Àwọn kan ní, "Súbérù, ọwọ́ oníṣọ́ọ̀ṣì lo ti fẹ́ ra nǹkan mọ́sálásí?" Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ mú ti mùmíní tó tọ́ wá, kí n gbé e sí i."

Ìyá Ẹ́sítà wo bẹ́líìtì tó já. Ó sọ fún Súbérù pé, "Bàbá Mọríámọ̀, èyí tí mo ní sún mọ́ ọn, kì í sì í ṣe òun. Mi ò ní tà á fún yín. Èyí tó já yìí náà ti fà, ẹ má fi wọ̀n. Ẹ lọ fi okùn yí kẹ̀kẹ́ méjèèjì ẹ̀rọ yín po, kẹ́ ẹ mú okùn náà wá. Tí mo bá lọ s'Ìbàdàn, màá fi wọn èyí tó ní nọ́ńbà yìí, kí n rà á bọ̀."

Ó fi wọ̀n ọ́n bọ̀. Kò búra. Bẹ́líìtì náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́ pẹ́pẹ́, igi ń yí geere, Súbérù gbẹ́ gbogbo òpó tuntun.

Alẹ́ àṣámù àkọ́kọ́ dé, mo wà níbẹ̀. Àwọn ìyá ń gòkè. Ìyá tó bí Àlájì Lámídì ló kẹ́yìn, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó fẹsẹ̀ tẹ ìró ara rẹ̀, ó yọ̀! Gbogbo ara ló fi ṣubú lu òpó. Àlájì wà nísàlẹ̀, bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kígbe, "Yéè, ìyá mi!"

Òpó ò mì.

Ìyá dìde. Ó fọwọ́ pa òpó yẹn lórí, ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ igi yìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kọ́wọ́ rẹ̀ rọ." Gbogbo wa ké àmín. Ẹ̀gbẹ́ Àlájì ni mo dúró sí. Ó la ẹnu, àmín ò jáde.

Ẹ wo bẹ́líìtì tí Àlájì kun ọ̀dà sí ọ̀hún lọ́wọ́ mi. Súbérù ló fún mi. Ẹni tó fà mí láṣọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé o rí i dáadáa?

Ó yá, ẹ tẹ́wọ́. Ọlọ́run, fi wá mọ̀nà. Má jẹ̀ẹ́ ká fi orúkọ Rẹ bo àbùkù ọjà wa. Ọjà tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn wa tí kò dáa, fún wa lágbára ká gbé e jáde lónìí.

Mo gbọ́ àmín lápá ọ̀tún. Mo gbọ́ tàwọn ìyá. Mo gbọ́ tàwọn tó wà lẹ́bàá gọ́tà pàápàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí tìmùtìmù níwájú, mi ò tíì gbọ́ tiyín. Mi ò kánjú. Mo ń dúró.